Ebè Pásítọ̀

"Bàbá pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó! Ìlà ebè yín ti gùn bí ìwàásù yín, kò lópin!"

Séidou ló pariwo bẹ́ẹ̀, gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni Séidou o, àmọ́ tí ìjọ bá ti ń kọ ebè pásítọ̀, òun náà máa ń gbé ọkọ́ wá, torí alùpùpù pásítọ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ dé ọsibítù Kétou nígbà tó ń rọbí. Bó ṣe rí ní Idigny nìyẹn. Owó igbá ò lè bọ́ pásítọ̀, ìjọ ló ń dáko iṣu fún un.

Sidonie, ìyàwó pásítọ̀, jókòó lábẹ́ igi, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìjọ kan ní Kùtọ̀nú fẹ́ gba ọkọ ẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ sẹ́fà lóṣooṣù, àti ilé tó ní omi ẹ̀rọ. Òní ni wọ́n máa pè gbọ́ èsì. Barnabé ọkọ ẹ̀ ti ní, "Ìwọ ni kó o dá wọn lóhùn. Ohun tó o bá sọ, abẹ gé e."

Háà, Kùtọ̀nú! Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dá gbé. Láti ìgbà tó ti dé Idigny, tí atẹ́gùn òjò bá fẹ́, á kọ́kọ́ rò pé òkun ni.

Ó dìde, ó sọ fún wọn pé ìjọ Kùtọ̀nú fẹ́ gba pásítọ̀. Ojú ń ti Barnabé láti sọ ọ́ fúnra ẹ̀.

"Èló ni wọ́n ń san fún pásítọ̀ níbẹ̀?" Séidou bi í.

Ó sọ ọ́.

"Yéè! Ẹ ṣèrìbọmi fún mi lónìí!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Sidonie ń dúró. Ó ti mọ ohun tó máa sọ tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ: pé ìyá òun ti dàgbà, pé kí wọ́n má bínú.

Bàbá Babalọlá, àgbà ìjọ, nu òógùn ojú. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, màmá wa." Ló bá kọjú sí àwọn yòókù. "Ó yá, ilẹ̀ ṣì pọ̀."

"Bàbá, ẹ ṣì máa kọ ebè náà?" Sidonie bi í.

"Oko pásítọ̀ ni, kì í ṣe oko Barnabé. Ẹni tó ń bọ̀ á jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò burú rárá. Ó kàn dun Sidonie wọ egungun ni. Ẹnì kan péré, kí ẹnì kan ṣáà ní "Ẹ má lọ."

Fóònù dún.

"Màmá pásítọ̀, ṣé ká máa retí yín?"

Ó wo ẹ̀yìn gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"A ń bọ̀, sà."

Lẹ́yìn náà ló mú ọkọ́ kan, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Séidou.

"Màmá Élodie," Barnabé rọra sọ fún ìyàwó ẹ̀, "iṣu yẹn ò ní jẹ́ tiwa mọ́."

"Mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó erùpẹ̀ jọ. Séidou fi ọkọ́ tọ́ka sí ebè náà.

"Ẹ jẹ́ kó ga sí i, màmá. Bóyá ẹni tó ń bọ̀ yẹn bí ọmọ púpọ̀."

Sidonie tún wọ́ erùpẹ̀ sí i.