Ibi Tí Ojú Rere Ọgbà Kọ Sí

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ kí oòrùn tó mú: pákó ọgbà já bọ́, ẹṣin jáde, kábéèjì Ọ̀gbẹ́ni Kirwan, aládùúgbò Kui Te Paea, sì di àwátì. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Nígbà àkọ́kọ́, Kirwan ti gba ìlérí lẹ́nu Kui pé bí ẹranko náà bá tún já ọgbà kọjá, yóò tà á. Láti ọjọ́ tí ọkọ ìyá àgbà yìí ti kú, Kōwhai, ẹṣin arúgbó náà, nìkan ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn láràárọ̀. Ṣùgbọ́n Kui kì í yẹ àdéhùn. Ó ti ń wá ẹni tí yóò rà á.

Ripeka, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, kò lè gbé e mì.

"Kui, ẹ fún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ọgbà oṣù méjì kì í ṣàdédé wó."

"Ìrọ̀lẹ́ nìkan o. Má fi ìwé tó o kà dà mí láàmú."

Ripeka lọ wò ó. Àwọn òpó dúró ṣánṣán. Àwọn pákó tí a dábùú mọ́ wọn ló ṣubú, gbogbo wọn síhà Kirwan, tìṣótìṣó. Murray káfíńtà ti kàn wọ́n mọ́ ẹ̀yìn òpó, níhà aládùúgbò. Bí Kōwhai bá ti fara yún un, ṣe ló ń ti ìṣó jáde. Ká ní ìhà ẹṣin ni pákó wà, òpó ni ì bá gbà á dúró. Ripeka pe Murray lórí fóònù.

"Àṣà ni, ọmọ mi. Aládùúgbò là ń fún lójú tó dára. Ṣé kó máa wo ìdí òpó ni?"

"Ẹṣin ló ń gbébẹ̀! Àbí ẹ rò pé ajá tó sanra ni?"

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í yí ọgbà padà láì tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó kó ìbínú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà Kirwan.

"Ọ̀gbẹ́ni Kirwan, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gba ojú burúkú."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Mo ti ní ọ̀kan. Ìyàwó mi ti ń fara dà á látọjọ́ yìí."

"Ojú burúkú ọgbà ni mò ń wí!"

Nígbà tó ṣàlàyé tán, Kirwan wọlé lọ. Òòlù ló mú jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà kò dúró. Wọ́n tú pákó, wọ́n kàn wọ́n síhà ẹṣin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kōwhai fìdí ti ọgbà, ó yún ara títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọgbà kò mira.

Ripeka wo àwọn òpó oníhòòhò tí yóò máa kí ọkùnrin yìí káàárọ̀ ní fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ láti ọ̀la lọ. Ìjà ló gbé wá sílé ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún. Ó dúpẹ́, ó tún ọpẹ́ dá.

"Kò tọ́pẹ́," ni Kirwan wí, ó ń lọ sílé. "Ó dàárọ̀."

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ọpẹ́ mi kò lábùlà, àmọ́ iṣẹ́ kù. Kui ń bẹ nínú ilé, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pe àwọn tó lè ra Kōwhai. Ẹ̀yin lẹ gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wọlé lọ bá a nísinsìnyí, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín dá ìlérí náà padà fún un."