Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Adéwùmí Kọ̀ Tí Kò Fojú Hàn

Ní ọdún 1987, olùkọ́ ìṣirò kan ń gbé ní àdúgbò Ladjifarani, ní ìlú Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, Adéwùmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Nígbà tó kàwé dé láti ìlú òyìnbó, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ló gbé dání, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà kò ní ojú tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni Adéwùmí ń so ó mọ́, ohun tó bá tẹ̀ á sì hàn níbẹ̀.

Odidi ọdún méjì ló fi ń to ọ̀rọ̀ èdè Ṣábẹ̀ sínú rẹ̀: orúkọ koríko, orúkọ ẹja, títí kan èébú àwọn àgbà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú wọn sí. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà yó, kò gba ọ̀rọ̀ kan mọ́. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Paris wá fi ègé mẹ́jọ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ̀rọ náà lè máa rántí nǹkan púpọ̀ sí i. Dúdú ni àwọn ègé náà, wọn kò ju èékánná lọ, ẹsẹ̀ irin wà lára wọn bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Adéwùmí tú ẹ̀rọ, ó tì wọ́n bọ inú ihò wọn, ó dé e pa, ó tan iná. Tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó yí bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Òkùnkùn náà di eruku funfun tó ń hó ṣàà.

"Mo ti bà á jẹ́," ló wí fún Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀. "Àwọn kàmáràdì ìgbìmọ̀ èdè ìjọba ń ti Kùtọ̀nú bọ̀ lọ́la láti wá wò ó. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n?"

"Ṣé ẹ ti pe Sìdíkátù?"

"Rédíò ni Sìdíkátù ń tún ṣe. Kò rí irú èyí rí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rí i lójoojúmọ́ ńkọ́, kí lẹ rí ṣe sí i?"

Sìdíkátù ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní àdúgbò Albarika, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n ránṣẹ́ pè é; nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Mùsé, kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" ló bi Adéwùmí, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀.

"Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ìwé ṣe wí, Tantí," ni Adéwùmí dáhùn, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Adéwùmí mí kanlẹ̀, ó wá ṣàlàyé: ègé mẹ́jọ, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n.

"Bí ara rẹ̀ bá yá, ṣé ó máa ń dún?"

"Bí a bá tẹ lẹ́tà kan, á dún kẹ́."

Sìdíkátù tẹ lẹ́tà kan, ó fi etí sí i. Kò dún rárá.

"Àìsàn kìíní, inú ẹ̀rọ ló wà. Bóyá tẹlifíṣọ̀n náà ní tirẹ̀, a ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan."

Ó yọ okùn iná, ó fi tọ́nfíìsì, irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó ẹ̀rọ, tú ìdí rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó yọ àwọn ègé náà, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ó wá ń dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó dúró.

"Ẹ wá wò ó."

Ẹsẹ̀ kan ti ká sábẹ́ ikùn ègé náà dípò kó wọ ihò. Ẹni tó bá wò ó láti òkè kò lè rí i.

"Ọwọ́ mi ni," Adéwùmí wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Mo tì í tipátipá."

"Ó ká ni, kò tíì kán."

Àbẹ̀ní ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Sìdíkátù mú ẹ̀mú kékeré, ó sé èémí, ó na ẹsẹ̀ náà títí ó fi bá àwọn yòókù dọ́gba. Ó dá gbogbo wọn padà. Ó ní kí Adéwùmí tan iná.

Eruku funfun. Ṣàà.

Adéwùmí káwọ́ lérí.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, Mùsé. Ẹ tẹ lẹ́tà kan."

Kẹ́.

"Ẹ gbọ́? Ó ti jí. Àìsàn kejì ló kù. Nígbà tí ẹ̀rù bà yín, ẹ yí bọ́tìnnì kúrò níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó di bọ́tìnnì náà mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ki òwú bọ ihò abẹ́rẹ́. Eruku nípọn, eruku fúyẹ́, ìlà kan sáré kọjá. Lójijì ni ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ kedere, lẹ́tà tí Adéwùmí tẹ̀ sì dúró ní ìsàlẹ̀.

Àbẹ̀ní pàtẹ́wọ́. Adéwùmí ki kásẹ́ẹ̀tì bọnu ẹ̀rọ, ó sì jókòó tì í títí gbogbo ọ̀rọ̀ fi wọlé tán. Ó fi ogún ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ẹ̀rọ náà gbà wọ́n láìjanpata.

Ní ọjọ́ kejì, kàmáràdì méjì dé. Wọ́n jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n ń jiyàn lórí orúkọ oríṣi ikán kan, wọ́n sì mú ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Kùtọ̀nú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, Sìdíkátù kan ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é.

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́, Tantí," ni Adéwùmí wí.

"Mo mọ̀. Mo ti mọ inú rẹ̀. Ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó."

Adéwùmí fa àga fún un.