Ọ̀rọ̀ Tí Baba Mi Kò Rí Sọ ní Pápá Kàbà

3.

…àti pé kò sí ẹnikẹ́ni láti Kàbà tó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni baba mi ti wà lórí ìdúró, wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi débi pé àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn.

1.

ÌKÉDE
*tí a lẹ̀ mọ́ ara ilé ẹjọ́, ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1957*

Àwọn àlejò tí ìjọba rán ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, láti bi wá bóyá a fẹ́ wà lábẹ́ Àríwá bí a ti wà, tàbí kí a lọ bá àwọn ará wa ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò sọ̀rọ̀.

Kí gbogbo wọn wà ní pápá ní AAGO MẸ́JỌ ÀÁRỌ̀.

Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọba tàbí ìjòyè KÒ GBỌDỌ̀ ṣí agboòrùn.

2.

Èmi ni Olúṣèyí, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀. Baba mi ni Samuel Oyèbánjí, àgbẹ̀, ọmọ Owé tòótọ́, àwa tí a ni ilẹ̀ Kàbà. Ìyá mi ni Yéjídé, ọmọ Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù. Baba mi ni Kàbà yàn.

Ní agboolé wa, ẹni tí yóò bá àlejò sọ̀rọ̀ kì í sọ ohun tó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, ìyàwó tàbí ọmọ. Láti ìgbà tó bá ti jáde nílé, kì í jókòó, kì í bo orí, kì í fi omi kan ẹnu, àfi ìgbà tó bá sọ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni baba mi ti ṣe é rí, nígbà ọ̀rọ̀ ààlà oko àti nígbà ọ̀rọ̀ ilé ìwé.

Oṣù òjò ni méjèèjì.

4.

OORU, ỌJỌ́BỌ̀, ỌJỌ́ KEJE OṢÙ KẸTA
*(ní ìwọ̀n Fahrenheit; iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ọ́ lójoojúmọ́)*

Aago mẹ́jọ ……… 86
Aago mẹ́wàá ……… 95
Aago méjìlá ……… 102
Aago méjì ……… 105

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni òṣùwọ̀n ooru yẹn wà, lábẹ́ òrùlé, nínú ibòji. Kò sí ẹni tó wọn ti pápá.

4, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Igi máńgòrò méjì ló wà létí pápá. Abẹ́ wọn ni àwọn dógárì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, so ẹṣin wọn mọ́.

5.

Kí n má purọ́. Àwa náà máa ń fi ooru yangàn. Bí àlejò bá dé sí Kàbà nínú oṣù kẹta, tó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Philip, ọ̀gá akọ̀wé wa, tó wá láti ìhà Jọ́ọ̀sì, ń ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Baba mi wá kí mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó kí i ní "Okun o," bí a ti ń kí ara wa níbí, ó wo bàsíà yẹn, ó sì sọ fún un pé oòrùn ibí mọ àwọn tó ni ín.

Ó dùn mọ́ mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń tún un sọ kiri ọjà.

6.

Aṣọ tó wọ̀: ìyá mi ló hun ún, lórí òfì àwọn obìnrin Bùnù tí wọ́n ń gbé ti ògiri. Oṣù mẹ́rin. Aró àti funfun. Ó nípọn bí ẹní.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ bora. Baba ní kí àwọn àlejò rí ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹnu wa fẹ́ sọ.

7.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ àwọn àlejò dé. Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n mu omi. Wọ́n pe Kàbà.

Baba gbé ẹsẹ̀ kan.

Ó ṣubú.

Wọ́n pe ìlú tó kàn.

8.

*Ìwé pélébé láti ọwọ́ Agatha, nọ́ọ̀sì:*

Ooru ló dá a wó. Ó ń ríran, ó ń gbọ́ràn. Ahọ́n rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Apá òsì kò gbé. Apá ọ̀tún dára. Ẹ máa fi omi tútù nù ún. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tún sọ̀rọ̀.

9.

ÈMI: Ṣé Baba ò sọ nǹkan kan fún yín? Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ?

ÌYÁ: Rárá.

ÈMI: Kódà nígbà tí wọ́n ń múra?

ÌYÁ: Aṣọ ni wọ́n bi mí léèrè. Wọ́n ní ṣé ó bá àwọn mu. Mo ní ó bá wọn mu. Ọ̀sán gangan ni àwọn àlejò dé. Ta ló kọ aago mẹ́jọ? Olúṣèyí, mo bi ọ́.

9, ìdáhùn.

Èmi ni.

10.

Aago kan ọ̀sán ló wà nínú ìwé tí Philip fún mi pé kí n tẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ponyan, ìlú kan tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, yóò tètè gbéra, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gba iwájú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ìlú wa. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ, àwa tí a wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ dé. Mo lọ sọ fún àwọn ará ilé wa pé kí wọ́n má pẹ́ rárá. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ Kàbà ni àwọn àlejò máa kọ́kọ́ rí.

Philip fọwọ́ sí i láì kà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Mo bínú sí àwọn àlejò. Mo bínú sí ẹṣin. Mo bínú sí Baba, tí kò gba ife omi kan ṣoṣo tí mo gbé lọ bá a ní aago méjìlá. Mo ti bínú sí gbogbo ayé tán, aago mẹ́jọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà ńláńlá.

11.

*Láti ọ́fíìsì, sí ẹbí Oyèbánjí:*

Bí ẹni tí ẹ yàn bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí ó wá ní kíkọ, kí òun fúnra rẹ̀ sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Mọ́tò tó ń kó ìwé lọ sí Lọ́kọ́jà yóò gbéra ní Ọjọ́ Ajé, aago méjìlá ọ̀sán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí a ti kọ yóò dúró.

12.

Mo kọ:

*Ẹ jẹ́ kí a lọ bá àwọn ará wa ní Ìwọ̀-Oòrùn.*

Ohun tí gbogbo ìlú ń retí nìyẹn. Mo fà á ya.

Mo kọ:

*Bí ẹ bá tún fẹ́ bi wá ní nǹkan, ẹ bi wá nínú ibòji.*

Ìbínú tèmi nìyẹn. Mo fà á ya.

Mo kọ:

*Àwa la ni Kàbà. A ò lọ sí ibì kankan.*

Ó jọ ohun tí Baba lè sọ. Ó kàn jọ ọ́ ni. Mo fà á ya.

Mo padà sí àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta.

13.

ÌWÉ Ọ̀RỌ̀ SAMUEL OYÈBÁNJÍ, ỌMỌ OWÉ, KÀBÀ

Ọ̀rọ̀: *(wo òkè)*

Àtàǹpàkò: 〔                    〕

14.

Ọjọ́ Ajé. Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo ka ìwé náà sí etí Baba lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo gbé tàdáwà sórí ẹní, mo na ọwọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, èyí tó dára.

Ó di ọwọ́ náà ní ìkúùkù.

Mo bi í bóyá kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Mo bi í bóyá èmi ni kò fẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní kí ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣẹ́jú. Ó ń wò mí bó ṣe wo bàsíà Philip.

Mọ́tò ti ń fọn fèrè níwájú ọ́fíìsì.

ÌYÁ: Fi ọwọ́ baba rẹ sílẹ̀.

ÈMI: Wọ́n á kọ ọ́ pé Baba ò sọ nǹkan kan.

ÌYÁ: Fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ọwọ́ náà gbóná. Mo ti ṣí ìka tó kéré jù. Mo ti ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Inú ìkúùkù ló fi àtàǹpàkò pamọ́ sí.

Ìka méjì ló kù.