Ọwọ́ Tí Kì Í Kan Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni gbogbo ayé dá lẹ́bi.

Nígbà náà, àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gbọ̀ngàn kan lókè ṣọ́ọ̀bù onídígí, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní yógà níbẹ̀. Ijó orí ìtàgé ni ẹ̀gbọ́n ti ń jó kó tó di olùkọ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wá, síbẹ̀ ara rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀já, òun sì ni ẹ̀gbọ́n fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún. Ẹ̀gbọ́n ní kò tíì tó. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé gbogbo ara lé e.

"Àǹtí, ẹ dúró."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò, ẹ̀gbọ́n kò sì fẹ́ kí ojú ti òun. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nǹkan já nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó dún bí igi gbígbẹ.

Kó tó lè la ẹnu nílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n ti sọ fún dókítà pé ẹrù sìmẹ́ńtì tí ó ti ń rù láti kékeré ló wá gbẹ̀san. Ohun kan náà ló sọ fún ìyá wọn, ìyá sì gbé irọ́ yẹn wọ sàréè. Nígbà tí àbúrò wá sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n ní ìlara ni, wọ́n ní ẹni tó ń ṣoore fún un ló ń bà lórúkọ jẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá kó ẹrù rẹ̀ jáde. Òun kò jáde. Ó to àga sí apá kan gbọ̀ngàn, ó ń kọ́ àwọn arúgbó ní yógà lórí ìjókòó. Wọ́n sọ ọ́ ní Alága. Àwọn ẹlẹ́nu mímú ní alága tí kò ní ìpàdé. Kò bìkítà. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n máa rí òun lójoojúmọ́, bí òun ṣe ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀.

"Ṣé dáadáa lo jí?" ẹ̀gbọ́n a bi í.

"Ẹ bi ẹ̀yìn mi."

Ọ̀rọ̀ wọn tán nìyẹn títí di ọjọ́ kejì.

Látìgbà náà, ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Yóò dúró níwájú, yóò kó ọwọ́ sẹ́yìn, ohùn nìkan ni yóò máa fi tọ́ wọn: "Ẹ mí síta. Ibi tí ara bá bá yín dé náà ti tó." Àwọn èèyàn ń ti òkèèrè wá nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ yìí. Bí Alága bá gbọ́ tí wọ́n ń yin ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ a korò bí òróòro.

Ẹ̀gbọ́n wá gba olùkọ́ kan sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń ta òkìtì lójú agbo kiri kó tó mọ yógà. Aláìléegun ni wọ́n ń pè é. Ohùn kọ́ ni tirẹ̀. Ọwọ́, orúnkún àti ìwọ̀n ara ló fi ń kọ́ni. Alága rí i níbi tó ti gun akọ̀wé báǹkì kan lẹ́yìn, ó sì pè é sápá kan.

"Àbúrò, má gun èèyàn lẹ́yìn mọ́."

"Alága, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sìmẹ́ńtì ló ṣe tiyín. Èmi ò ru sìmẹ́ńtì lé ẹnikẹ́ni lórí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àǹtí fúnra wọn ni."

Alága lọ bá ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń nu àwọn ẹní.

"Ọmọ yẹn máa ṣẹ́ èèyàn lẹ́yìn, kò sì ní gbọ́ tèmi. Ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Ìwọ àti ọ̀rọ̀ àná. Ṣé o ò lè jù ú nù ni?"

"Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, Àǹtí. Ẹni tó kó o ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n nu ẹní kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Tí mo bá sọ ọ́, ta ló tún máa gun àtẹ̀gùn yìí wá? Màá ní kó máa rọra."

Ó sì sọ fún un pé kó máa rọra. Aláìléegun ní kò burú.

Ní Sátidé, nígbà tí gbogbo kíláàsì pàdé pọ̀, akọ̀wé báǹkì náà tún tẹ̀ síwájú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Aláìléegun gùn ún.

"Ó tó, ẹ jọ̀ọ́," obìnrin náà ní.

"Ó ku díẹ̀."

"Sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀!" Alága ké láti ibi àga rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, alága sìmẹ́ńtì ti ṣí ìpàdé!" Aláìléegun dáhùn. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Alága dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò jẹ́ kó lè sáré. Ẹ̀gbọ́n ló sáré. Ó gbá Aláìléegun léjìká mú, ó fà á ṣubú sórí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti obìnrin náà, ó ń bi í bóyá ó lè mí. Ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Alága dúró, ó ń wò wọ́n. Bí òun náà ṣe bẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà bẹ̀, wọ́n gbọ́. Ọmọ ìyá ẹni bẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, kí ló dé?" Aláìléegun ń gbọn aṣọ. "Irú èyí ò ṣe ẹnikẹ́ni rí."

"Ó ti ṣe èèyàn rí," ẹ̀gbọ́n wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ sókè," Alága ní.

Ẹ̀gbọ́n kò wo ojú àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè.

"Èmi ni mo gun àbúrò mi lẹ́yìn. Ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ ọ ketekete, mi ò dúró. Mo wá purọ́ fún ìyá wa títí wọ́n fi kú."