Òpó Munirat Kò Fì

Wọ́n ní òpó irin tí ọmọ ọmọ mi, Munirat, jó pọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́. Irọ́ ni. Orí òpó yẹn ni wọ́n máa gbé awò ńlá kan lé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi wo ìràwọ̀. Munirat ti là á yé mi pé bí ẹsẹ̀ awò bá fì tó fọ́nrán irun péré, ìràwọ̀ á sá kúrò lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mọ́ orí òpó. Bí òpó bá fì, nọ́ńbà á yọ lójú ẹ̀rọ náà. Bó bá dúró ṣánṣán, òdo ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nọ́ńbà ń yọ. Ọ̀gá wọn, Dàwódù, ní lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun máa gé òpó náà, kí Munirat sì máa lọ sílé. Ó ní iṣẹ́ irin kì í ṣe ti obìnrin.

Mo bá Munirat lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé iṣẹ́ wọn l'Ọ́gbà, mo fìdí kalẹ̀ ti òpó.

Dàwódù ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibí kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ o."

"Èmi náà ò wá gbafẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gé mi lẹ́sẹ̀."

Àwọn ọkùnrin méjìlá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Munirat ti sọ ìṣe wọn fún mi: tí ọ̀gá bá ti fẹ́ ka nọ́ńbà, gbogbo wọn á rọ́ síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á máa na ọrùn.

Wọ́n pe ìrun, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ku èmi àti Munirat. Mo bojú wo ẹ̀rọ. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ òdo. Ó rí bí ẹyin.

"Munirat, ẹyin mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta, Ìyá àgbà."

"Mẹ́ta náà ni mo rí yìí."

Ó fò dìde.

Ni mo bá rántí. Ogún ọdún ni mo fi ṣọ́ òwú lára ẹ̀rọ ìhunṣọ n'Íkẹjà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ọ̀gá òyìnbó bá pè wá jọ sí igun kan, ilẹ̀ á tẹ̀ lábẹ́ wa, òwú á dẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń bá wí. Mo dákẹ́ nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé, mo na ọwọ́ méjèèjì dínà lórí àtẹ̀gùn.

"Dàwódù, ìwọ nìkan. Dúró sọ́hùn-ún, kà á."

Ó kà á: òdo mẹ́ta. Ó nu ojú, ó tún un kà.

"Ó yá, ẹ̀yin tó kù, ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí."

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ ni nọ́ńbà ń gòkè. Nígbà tí ẹnì kejìlá dé, iye tí Dàwódù kọ sílẹ̀ mọ́ Munirat lọ́rùn gan-an ló yọ.

"Ṣé òpó ló fì ni, àbí ẹ̀yin lẹ tẹ ilẹ̀?"

"Màmá, ó ti tó. A ò ní gé e mọ́."

"Kò tíì tó. Òun ni kó o sọ ọ́ fún, lójú gbogbo wọn."

Dàwódù kọjú sí Munirat. Ó ní, "Iṣẹ́ rẹ gún."

Munirat ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé tí Dàwódù ń kọ nọ́ńbà sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ ka nọ́ńbà mi."