Ilé Páálí tó Wà Lórí Itan Mi

Bàbá Dúpẹ́, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá kó tó fò kúrò lórí mi. Wọ́n fẹ́ fi Dúpẹ́ wa jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé aláwọ̀ dúdú nílùú òyìnbó tó wà. Inú ilé páálí tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ilé ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, orí itan mi sì ni ilé náà wà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni gígùn rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn wọ ibẹ̀. Dúpẹ́ kò ju ìka mi lọ. Mo ṣí òrùlé, mo rí àga ààrẹ, ó ga, kò sì ní ẹ̀yìn tó lè fara tì.

Mo ní, "Dúpẹ́, má jókòó síbẹ̀, wàá ṣubú!"

Ọkùnrin kan dáhùn nínú ilé náà, "Màmá, ẹ rọra mí o, èémí yín ti fẹ́ ìwé ìbò wa gba ojú fèrèsé jáde."

Mo bá sé èémí. Dúpẹ́ gun àga náà, ó jókòó, ó gbójú sókè wò mí. "Màámi, ẹ gbé wa sílẹ̀, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo tẹ̀ síwájú láti gbé ilé náà sílẹ̀, n kò rí ilẹ̀ kankan. Mo ń fi ẹsẹ̀ wá a kiri nígbà tí mo jí.