Ẹ̀ńjìnnì Kúpé Tonton Ìdòwú

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, patron Rachidi, ní Tchaourou, nítòsí ojú irin, kò sì sí ohun tó rí mi lára nínú iṣẹ́ náà. Ọ́ìlì dúdú, gírísì, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ akóṣu, gbogbo rẹ̀ ni mo ń tọwọ́ bọ̀. Ohun tó kó mi nírìíra ni ọ̀rọ̀ kúpé tonton Ìdòwú, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ìdọ̀tí náà wà o. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni kúpé yìí, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tí òyìnbó kan tà fún tonton Ìdòwú, bàbá àdúgbò wa, nígbà tí bàbá náà ṣì ń wa ọkọ̀ ojú irin. Àwọn òbí mi ò tíì mọra wọn nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tonton gbé e wá fún patron láti tún bíréèkì ṣe, àìsàn wọ ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò ká a mọ́, ni ọkọ̀ bá jókòó sábẹ́ igi kajú wa fún ọdún mẹ́tàlá. Adìẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Eku ń bímọ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, òórùn ìtọ̀ eku àti èso kajú tó jẹrà lù mí nímú, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo nu ẹnu, mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Ọdún yìí ni ojú tonton Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọ̀kan ti lọ tán, èkejì ń tẹ̀ lé e. Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé e wá sí garáàjì lórí alùpùpù zẹ̀mí. Bàbá náà ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ńjìnnì òun, kí òun sì wa ọkọ̀ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun lójú. Patron ní kò sí wàhálà, ó sì yíjú sí mi.

"Sikirath, kúpé yìí ni iṣẹ́ àṣekẹ́yìn rẹ. Tó o bá ti ṣe é tán, màá ṣe libération rẹ."

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ládùúgbò wa, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò bá tíì tú sílẹ̀ kò lè dá garáàjì sílẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ da pàúdà sí i lórí níwájú ẹbí àti àwọn ọ̀gá yòókù, kó fún un ní dípúlómù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi Samir ti fún mi nílẹ̀ sétí títì ní Tchatchou. Léèsì funfun tí mo máa wọ̀ ti wà nínú àpótí ìyá mi láti ọdún tó kọjá.

Mo bá ṣí iwájú kúpé. Kò sí ẹ̀ńjìnnì níbẹ̀. Ìtẹ́ adìẹ ni mo bá.

Patron ń jẹ àgbàdo sísun nígbà tí mo lọ bi í. "Moteur yẹn? Ó ti pẹ́ tí mo ti tà á fún Saïd ní Bétérou. Ó wà nínú ọkọ̀ bâchée rẹ̀, ó ń kó iṣu. Yọ ti taxi tó ṣubú lóṣù tó kọjá, kó o gbé e sínú kúpé."

"Ṣé ẹ ti sọ fún tonton?"

"Tonton ò ríran mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi èékánná yọ èèpo àgbàdo láàárín eyín, ó wò ó, ó sì dá a padà sẹ́nu.

Kì í ṣe ìtìjú láti gbé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn. À ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹni tó ni ọkọ̀ a sì mọ̀. Mo ṣe èyí dáadáa pẹ̀lú. Mo gé irin tí ẹ̀ńjìnnì ń jókòó lé, Djibril tó ń jó irin ṣe tuntun fún mi. Ẹnu ẹ̀ńjìnnì ò bá ẹnu àpótí jíà mu, a gé irin pẹlẹbẹ sáàárín wọn, a lu ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo ń gbìyànjú láti rò pé patron á sọ òótọ́ fún bàbá yìí tó bá yá.

Lọ́jọ́ tí mo parí, patron kó àwọn irin tí a fi ń tẹ nọ́mbà jáde. Ó ní kí n ha nọ́mbà tó wà lára ẹ̀ńjìnnì taxi kúrò, kí n tẹ èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tonton síbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ libération àbí o ò fẹ́?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí ló di òòlù mú. Ìyá mi Maïmounatou, nígbà tí mo sọ fún un, kò gbójú sókè nídìí iná. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ló sọ. "Gba dípúlómù rẹ ná." Ó rí mi lára bó ṣe sọ ọ́, èmi fúnra mi sì rí ara mi lára jù ú lọ.

Tonton Ìdòwú wá gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú, ó dẹ etí sílẹ̀ pẹ́. "Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀."

"Ó ti dàgbà ni, tonton," ni patron fèsì, "bíi ti àwa náà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ọwọ́ mi kàn, bó ṣe kún fún ọ́ìlì yẹn náà, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà fún mi. Odindi ọṣẹ dúdú kan ni mo fi fọ ọwọ́ yẹn.

Ọjọ́ Sátidé la ṣe libération. Wọ́n gbé kúpé sáàárín àgbàlá kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ mi, wọ́n sì fi tonton Ìdòwú jókòó níwájú. Kí wọ́n tó da pàúdà, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀gá sì dárí jì í. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun gidi níbẹ̀. Èèyàn á ní òun pẹ́ dé, òun sọ kọ́kọ́rọ́ bóòtù nù, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ nínú léèsì. "Patron, ẹ dárí jì mí, mo máa ń pẹ́ dé. Tonton Ìdòwú, ẹ dárí jì mí. Moteur tó wà nínú kúpé yín kì í ṣe tiyín. Tiyín wà ní Bétérou, wọ́n ti tà á. Èmi ni mo tẹ nọ́mbà irọ́ sára èyí."

Mo rò pé mo ti tú àṣírí ọkùnrin yìí. Òmùgọ̀ ni mí. Ibi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, ohunkóhun tó bá sì ti ẹnu ọmọ iṣẹ́ jáde níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ta ló tà á. Ìyá mi fi ìborùn bojú. Patron mi orí, ó tilẹ̀ nu ojú tó gbẹ.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọdé ló ń ṣe é. Mo dárí jì í."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Pàúdà bò mí lójú. Patron bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi dípúlómù sí mi lọ́wọ́, òórùn àlùbọ́sà ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Voilà," ló sọ sí mi létí, "o ti bọ́."

Mo dìde. Mo gbé dípúlómù náà lé e lẹ́sẹ̀. "Patron, ẹ gba ìdáríjì yín padà. Ẹ fún ẹni tó ta moteur."

Ariwo sọ. Wọ́n pè mí ní aláìmoore, wọ́n ní ọmọ tó ń bú ọ̀gá rẹ̀ ò ní rọ́wọ́ mú. Tonton Ìdòwú fi ọ̀pá lu ilẹ̀ títí wọ́n fi dákẹ́.

"Sikirath, ṣé ìwọ lo gbé nǹkan yẹn sínú ọkọ̀ mi?"

"Èmi ni, tonton."

"Yọ ọ́."

Mo ká apá léèsì sókè. Èmi àti Fẹ́yìsayọ̀ ti ọkọ̀ náà padà sábẹ́ igi kajú, mo tú bóòtù, mo so ẹ̀wọ̀n mọ́ ẹ̀ka igi náà, mo fa ẹ̀ńjìnnì náà jáde, ọ́ìlì rẹ̀ ń dà sára aṣọ tí ìyá mi tọ́jú. Wọ́n ti ń pín ìrẹsì nígbà náà. Tonton Ìdòwú na ọwọ́ sínú ihò tó ṣófo náà, ó fọwọ́ wá a kiri. Fẹ́yìsayọ̀ ràn án lọ́wọ́ wọlé síbi ìjókòó awakọ̀, èmi àti ẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn, a ń ti kúpé náà lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bàbá di ọwọ́ ìdarí mú, ó ń wà á. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì méjìlá ló wà nínú àgbàlá yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀.